Ojú ń ti àwọn ọmọ FIT láti kanlẹ̀kùn

Tó bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FIT, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1944. Àwọn tó fẹ́ jáde yóò gbé aṣọ tí wọ́n rán síta, àwọn àgbà iṣẹ́ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ta ni ò ní í fẹ́ kí wọ́n rí tòun? Ibẹ̀ kúkú ni Calvin Klein ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á tìtorí ẹ̀ pa oorun tì, ìgbà tó bá rántí ló máa jẹun, á wá máa dá sunkún nídìí máṣíìnì. Bẹ́ẹ̀, inú ọgbà yẹn náà làwọn agbaninímọ̀ràn wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í tú àṣírí ẹni. Àwọn tó ń ranni lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ kíláàsì wà, ọ́fíìsì àwọn tó ní ìpèníjà ara náà wà. Àfi bíi pé olè ni wọ́n fẹ́ lọ jà níbẹ̀!

Wọ́n á ní ṣebí Michael Kors náà ò lò tó ọdún kan tó fi kúrò. Òótọ́ ni o. Àmọ́ Kors ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1981. Ẹni tí àárẹ̀ lé jáde ńkọ́?

Ẹni tí ò tíì lè sọ tinú ẹ̀ fẹ́nì kankan lè kọ́kọ́ yà sí mùsíọ́ọ̀mù aṣọ tó wà nínú ọgbà náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.