Ẹ Yẹ Orí Táyà Ẹ̀yìn Wò Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń gba mọ́tò lọ́wọ́ olówó, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń gbọ́ dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ irin tó tẹ̀ bo táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí ó wà lára ibi tí ìpẹtà ti máa ń kọ́kọ́ jẹ mọ́tò.

Kí ló fà á? Táyà ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀ lù ú. Òkúta a bó ọ̀dà, ẹrẹ̀ pupa a há sí kọ̀rọ̀, kì í sì í tètè gbẹ nígbà òjò. Bí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, ìpẹtà dé nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: kí ọ̀dà tó wú bí ìléròrò, irin abẹ́ rẹ̀ ti lè lu. Ti tòkunbọ̀ tún le sí i, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ a sì máa mú ìpẹtà yára. Mọ́tò afẹ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Mazda MX-5, oníjókòó méjì tó jáde ní 1989, a máa jẹrà níbẹ̀ gan-an bí ìdọ̀tí bá dí ihò tí omi ń gbà jáde.

Ìdènà rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ fọ abẹ́ orí táyà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò omi. Ibi tí ọ̀dà bá bó, ẹ ha á, kí ẹ fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá ti lu, pọ́tì kì í ṣe àtúnṣe. Omi yóò gba inú wọlé, pọ́tì yóò sì já bọ́. Kí panẹbítà gé irin tó jẹrà títí dé ibi tó le, kí ajórin jó páànù tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n kùn ún tinú-tẹ̀yìn. Kí iná tó kàn án, ẹ tú bátìrì, ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ sì rántí pé ẹ̀yìn ni táǹkì epo ọ̀pọ̀ mọ́tò wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà. Èéfín lè gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé bá èrò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n de orí ṣọ́kù mọ́. Bí ibẹ̀ bá já lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ewu náà kò mọ sọ́dọ̀ dírẹ́bà nìkan.

Èrò tiwa ni pé ìpẹtà tó ti wà kí dírẹ́bà tó gba mọ́tò, gbèsè olówó ni. Èyí tó bá dé lẹ́yìn náà ni kí dírẹ́bà tọ́jú. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Ẹ mú òòfà inú sípíkà àtijọ́ dání, kí ẹ fi kan orí táyà méjèèjì. Níbi tí kò bá ti lẹ̀, ẹ fura sí pọ́tì, ẹ má tẹ̀ka. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ka, tó wá ń bẹ̀rẹ̀ wò lẹ́yìn, lè san gbogbo owó tán kó tó mọ̀ pé pọ́tì lòun rà.