Ìní Láìsí Ìtọ́jú Kì í Ṣe Ìní

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí oko àti ilé nìkan. Ó kan gbogbo ohun tí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ rà tí ó sì ń pè ní tirẹ̀. Ọ̀ràn àwọn tí ó ń ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé mo rí lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn àṣìṣe tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi gbogbo: wọ́n fẹ́ràn ojú ohun tí wọ́n ní, wọn kò bìkítà fún inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré oníjòókòó méjì, tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Òrùlé aṣọ ni púpọ̀ nínú wọn ní, tí a lè ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ni. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, iye rẹ̀ sì ju 500,000 lọ. Coventry ni wọ́n ti ṣe Triumph TR4. Ní oṣù kẹta ọdún 1961, Jaguar gbé E-Type jáde ní ìlú Geneva, ẹnu sì ya àwọn tí ó rí i. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn irú ọkọ̀ báyìí. Ohun tí ó dára, ó dára. Ẹni tí ó rà á tí kò tọ́jú rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ìdí tí ọ̀ràn náà fi le nìyí. Òfin ilẹ̀ náà ni pé kí ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lè rí i pé kò léwu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti lé ní 40 ọdún kúrò nínú òfin àyẹ̀wò yìí, bí a kò bá ti yí wọn padà lọ́nà tí ó pọ̀. Gbogbo MGB ni ó ti tó ọjọ́ orí yẹn báyìí. Ẹ má ṣe rò pé òfin wá fún ẹnikẹ́ni láyè láti wa ọkọ̀ bíbàjẹ́. Ẹ̀bi ṣì wà lórí ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ eléwu sí ojú pópó. Ohun tí ó yí padà kò ju èyí lọ: ẹnì kan kò ní wò ó mọ́, àfi ẹni tí ó ni ín. Ìjọba kó iṣẹ́ olùyẹ̀wò lé ẹ̀rí-ọkàn lọ́wọ́. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì yọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kò wá.

Ẹ wo ohun tí ọ̀dà lè bò mọ́lẹ̀. MGB kò ní egungun irin lọ́tọ̀. Ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀, irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn sì wà lára ohun tí ó so iwájú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Omi òjò, àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú títì nígbà òtútù, a máa wọ inú irin yìí, ìpáàrà a sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó mọ ojúṣe rẹ̀ yóò tètè gé irin jíjẹrà kúrò, yóò sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Alárékérekè yóò fi ohun rírọ̀ bí àmọ̀ dí ihò náà, yóò fi bébà oníyanrìn ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, yóò sì kun ún ní ọ̀dà pupa. Ọkọ̀ náà yóò máa dán bí ojú dígí. Bí ìjàǹbá bá dé, kò sí irin níbẹ̀ tí yóò gba ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ là.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò. Ní àríwá Skọ́tíláǹdì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bealach na Bà. Ó gbéra láti etí omi, ó gun òkè tó mítà 626, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Applecross tí ó wà ní etí òkun. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà gbà, ó sì lọ́ bí ejò. Gígùn òkè kò ṣòro. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ó ń dán ọkọ̀ wò. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, bíréèkì sì ń gbóná sí i. Òróró inú bíréèkì a máa fa omi láti inú atẹ́gùn. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí ti pé ọdún mẹ́wàá. Ooru mú omi inú rẹ̀ hó, ó di èéfín, bíréèkì sì rì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, ọ̀nà méjì ni òróró yìí ń gbà, bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì yóò ṣiṣẹ́. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Bí ó bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní dúró. Mo bèèrè: ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀?

Èkíní nínú wọn yóò dáhùn pé, “Ọkọ̀ mi ni, owó mi ni mo fi rà á.” Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀mí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì yóò ní, “Èmi kì í wa tèmi rárá. Inú gáréèjì ni ó wà, nítorí pé bí máìlì rẹ̀ bá pọ̀, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀.” Èyí rò pé òun sàn ju èkíní lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan ń kú díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà táyà rẹ̀ ń gbó, bí ìlà ara rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ ń gan. Epo bẹntiróòlù inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà káàkiri Bìrìtéènì ti lè ní ọtí tó ìdá mẹ́wàá nínú, ọtí yìí a sì máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹni tí ó ra ìlù, tí ó gbé e kọ́ ara ògiri, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ú, awọ àti igi ni ó rà, kò ra ìlù.

Ẹ̀kẹta yóò ráhùn pé owó ìtọ́jú pọ̀. Bí kò bá ní owó koríko, ta ni ó ní kí ó ra ẹṣin? Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò fẹ́ ju sípánà àti sùúrù lọ: kí a fún gíríìsì sí oríkèé àwọn táyà iwájú MGB ní máìlì 3,000 mẹ́ta-mẹ́ta, kí a bu òróró díẹ̀ sí orí kábúrétọ̀, kí a fi ọwọ́ kan irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó ti dẹ̀. Bí ara ọkọ̀ bá sì ti jẹrà tán pátápátá, láti 1988 ni British Motor Heritage ti ń ṣe odidi ara MGB tuntun fún títà. Àwáwí ni ó kù.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àwọn kan sì ń ṣe é lọ́dọọdún láìsí ẹni tí ó lé wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a jí ní kùtùkùtù, a wo òróró ẹ́ńjìnnì, a wọn atẹ́gùn táyà, a ká òrùlé sẹ́yìn, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. Bí ó bá dé orí Bealach na Bà, a fi ọkọ̀ sí gíyà kejì, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a dá eré dúró, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́-wọ́ọ́rọ́. A dé Applecross pẹ̀lú ẹ̀rín, òórùn òkun nímú rẹ̀, gíríìsì ní èékánná rẹ̀. Ẹni yìí ni ó ni ọkọ̀. Àwọn yòókù kàn ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ra Jaguar àtijọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ ó ní kẹ̀kẹ́, ẹ ó ní ilé, wọn yóò fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, ọjọ́ kan yóò sì dé tí olùyẹ̀wò kò ní wá mọ́. Kí ẹ má ṣe yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ orí ba, kí ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn.