Jíju Síìmù Nù Kì Í Pa Gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní Ajégúnlẹ̀ báyìí, láti ọjà Boundary dé Ojo Road, ó sì ti sú mi í gbọ́. Wọ́n ní ìjọba ti fòfin de àwọn ayánilówó orí fóònù, nítorí náà gbèsè wọn ti kú. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ju síìmù rẹ̀ nù, tó sì kó kúrò ní àdúgbò Tolu, ti bọ́. Ta ló sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ lé e, ilé sì ń dàrú. Ọkọ kò mọ ohun tí ìyàwó jẹ, ìyàwó kò mọ ti ọkọ, àfìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ èébú bá balẹ̀ sórí fóònù pásítọ̀ àti ti àna.

Síìmù kọ́ ló jẹ gbèsè, ẹni tó ń lò ó ni. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ti ń fún wa láti ọdún 2014, kò bá síìmù lọ sínú gọ́tà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fàyè gba báńkì tó yáni lówó pé bí ẹni náà kò bá san, kí ó lọ mú owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onítọ̀hún fi BVN yẹn ní ní báńkì mìíràn. Owó oṣù wọlé láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ó ti lọ. Ẹ̀yin agent tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tin Can kúkú mọ dímọ́réèjì. Ẹni tó fi kọntéínà sílẹ̀ ní wáàfù tó lọ sùn sílé, ṣé owó dúró dè é? Owó ń gorí owó lójoojúmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èlé ń ṣe.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ìnákúnàá ló kó gbogbo èèyàn sí gbèsè. Ẹni tó gba ọ̀kadà pé òun yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìjọba Èkó wá fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá tó gba gbomúlélántà fi ra ọjà, tí ọjà kò tà, kì í ṣe olè. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń bí mi nínú: wọ́n yá owó kejì san ti àkọ́kọ́, wọ́n gba ti ṣogúndogójì san ìkejì, ìgbà tí kò ṣeé ṣe mọ́ ni wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ìtìjú ni kéèyàn lọ bá olówó pé, "Agbára mi kò ká a mọ́, ẹ jẹ́ kí n máa san án níwọ̀nba."

Ìtìjú wo? Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jẹ Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là. Ṣé ó sá? Ní ọdún 2005, Ààrẹ ìgbà náà, Ọbásanjọ́, àti mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀, Ngozi Okonjo-Iweala, kó ìwé àti ìṣirò lọ bá àwọn olówó, wọ́n jọ jókòó. Wọ́n fojú fo nǹkan bíi bílíọ̀nù 18, a san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12, ó parí ní 2006. Nígbà tí gbèsè àwọn ọlọ́lá fẹ́ gbé báńkì ṣubú, ìjọba dá AMCON, iléeṣẹ́ tó ń ra gbèsè tó há lọ́wọ́ báńkì, sílẹ̀ ní 2010. Àwọn tó ń gun jíìpù ń mú lọ́yà lọ síbẹ̀ lọ dúnàádúrà bí wọn yóò ṣe san án. Ta ló fi wọ́n ṣẹ̀sín? Àwọn baba wa ńkọ́? Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn á mú onígbọ̀wọ́ dání, á lọ ṣe ìwọ̀fà ní gbangba. Àṣà náà le, ó dára bó ṣe pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fara pamọ́ ni wọ́n ń rán ológò sí, tí yóò jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa bú u, tí yóò máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ títí owó yóò fi jáde. Ní England àti Wales lónìí, láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin ń fún ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀ ní 60 ọjọ́ tí olówó kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó lè rí àyè wá ìmọ̀ràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ lè fọwọ́ sí ètò sísan gbèsè fún ọdún 3 sí 5. Àwa nìkan ló ń tijú?

Ní Èkó, Citizens Mediation Centre, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń parí aáwọ̀, ti wà láti ọdún 1999, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò pe olówó, ẹ ó jọ sọ̀rọ̀, ẹ ó jọ fọwọ́ sí ìwé. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, ẹ yọ owó oúnjẹ àti owó ilé, kí ẹ sì ṣèlérí ìyókù nìkan. Ẹ má ṣèlérí ohun tí apá yín kò ká. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín: Police Act 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn owó lásán, àyàfi bí jìbìtì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú bá wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń bú ẹbí yín, ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin wọn ti ọdún 2025 lè bu owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 100 náírà lé ayánilówó bẹ́ẹ̀. Òfin tó ká a lọ́wọ́ kò kúkú fagi lé owó tí ẹ gbà.

A kì í fi ìtìjú kárùn. Ọkọ, sọ fún ìyàwó rẹ lálẹ́ òní. Ìyàwó, sọ iye rẹ̀ gan-an, má yọ ìkankan kúrò. Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn, ẹ dín àdúrà ìfagilé gbèsè kù, kí ẹ máa sin ọmọ ìjọ yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò sísan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì san án.