Ẹ Pa Fíláàṣì Yín ní Òru Ẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ojú tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ojú ni wọ́n wí, wọn kò wí mànàmáná. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí, bí a bá jókòó sí ojú agbo Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu tàbí ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, mànàmáná ni a ń wò: fíláàṣì láti ọ̀tún, fíláàṣì láti òsì, iná télífóònù tí ẹnikẹ́ni kò pa láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú títí di ìdájí. Mo mú gègé láti dojú ìjà kọ àṣà tuntun yìí, nítorí pé bí a bá dákẹ́, ohun tí a ń pè ní ìtọ́jú àṣà ni yóò ba àṣà náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ wí kò pọ̀. Kí á má ṣe tan fíláàṣì mọ́ ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí á má sì ṣe gbé iná ńlá wá sí ojú agbo nítorí àwòrán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fótò, kí ó fi ìmọ́lẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ yà á, kí ó sì gba ohun tí òru bá fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ohun tí òru náà jẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀sán, ó sì ní òru. Ní ọ̀sán ni àwọn oníjó máa ń jáde ní méjì-méjì, tí a ń wo ère orí wọn, tí a ń gbọ́ ìró irin ẹsẹ̀ wọn. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, òru ọ̀rọ̀ sì ni: ìbà fún Ìyá Ńlá àti fún àwọn ìyá wa, àdúrà fún ìlú, ìbáwí fún ẹni tí ó ṣì ìwà hù, àti àwàdà tí ń ta ni bí ata. Ní Kétu, kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó jáde, àwọn kan ń ṣáájú rẹ̀. Agbéná wà nínú wọn, ẹni tí ó gbé iná. Apaná wà nínú wọn, ẹni tí ó pa iná. Tètèdé wà nínú wọn, ẹni tí ó tètè dé. Orúkọ wọn ni iṣẹ́ wọn. Àwọn baba wa mọ iná dáadáa: wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀, wọ́n sì fún òkùnkùn ní àyè tirẹ̀. Mo wá bi wá léèrè: lẹ́yìn tí Apaná ti kọjá, ta ni ó fún wa láṣẹ láti tún iná tàn?

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ribiribi tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu àti ìṣe jogún. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ ogún àṣà aráyé ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Inú mi dùn sí i, bí inú gbogbo ọmọ Kétu ti dùn. Ṣùgbọ́n òru wà nínú àpèjúwe tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀. A kò lè máa fi orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yangàn níwájú ayé, kí á tún máa fi fíláàṣì lé òru rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bá àwọn ẹlòmíràn nìkan wí. Èmi pàápàá jẹ̀bi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ra ẹ̀rọ fótò àlòkù kan, mo sì gbé e wá sílé ní àkókò Ẹ̀fẹ̀. Bí akọrin ti yíjú sí ọ̀dọ̀ wa, mo tan fíláàṣì sí i. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dákẹ́ díẹ̀, àwọn elégbè sì ní láti gbé orin náà ró títí ó fi rí ọ̀nà padà sínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní: “Ọmọ mi, ìwọ ti rí i. Àwa kò rí i mọ́.” Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìyá náà ti jẹ́ òótọ́ tó. Ojú ènìyàn nílò ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó mọ òkùnkùn lára tán. Fíláàṣì kan ṣoṣo a da iṣẹ́ náà rú, kì í ṣe fún ayàwòrán nìkan, bí kò ṣe fún gbogbo ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀.

Kí ni mo sì rí gbà? Ère funfun báláú bí ẹyin, àti ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga. Bẹ́ẹ̀ ni fíláàṣì ṣe ń ṣiṣẹ́: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ó bá ẹni tí ó wà ní mítà mẹ́fà kò ju ìdá mẹ́rin èyí tí ó bá ẹni tí ó wà ní mítà mẹ́ta lọ. Ẹni iwájú jóná, ẹni ẹ̀yìn sọnù. Àwọn onílù kò sí nínú àwòrán mi, àwọn elégbè kò sí níbẹ̀, àwọn ìyá tí a torí wọn pé jọ kò sí níbẹ̀. Ṣé Ẹ̀fẹ̀ ni mo yà, tàbí ère kan tí ó sọnù sínú ihò?

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, mo mú díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀, mo sì kọ́ wọn láti ya fótò láìtan iná kankan. A gbé àwọn àwòrán náà lọ fún ìpàtẹ kan. Wọ́n dá wọn padà. Wọ́n ní ariwo pọ̀ nínú wọn, àwọn tí a fi fíláàṣì yà ni wọ́n sì gbé kọ́ sára ògiri. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, kí àwòrán lè dára, kí á gbé ẹ̀rọ amúnáwá àti iná ńlá wá sí ojú agbo nígbà mìíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: nítorí ìbẹ̀rù ariwo inú àwòrán, a fẹ́ sọ òru di ọ̀sán.

Kí ni ariwo yìí? Bruit ni Faransé ń pè é. Òun ni àwọn hóró kéékèèké tí ń hàn nínú àwòrán bí ẹni pé a fọ́n iyanrìn sí i. Wọ́n ní nọ́ńbà ISO tí ó ga ni ó ń fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ gbé igbá mẹ́wàá kalẹ̀ sí àgbàlá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán. Igbá kan yóò gba ẹ̀kán mẹ́ta, èkejì yóò gba méje, ẹ̀kẹta yóò gba ẹyọ kan. Bí òjò bá wá rọ̀ gidi, gbogbo wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sínú ẹ̀rọ fótò nìyẹn, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ní òru, ẹ̀kán kò pọ̀, igbá kò dọ́gba, àìdọ́gba náà ni a sì ń rí bí ariwo. ISO kò mú òjò wá, kò sì lé e lọ. Ó kàn ń sọ ohun tí ó wà nínú igbá di ńlá kí ojú lè rí i ni. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù ISO 6400, tí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí 800, tí ó wá fi kọ̀ǹpútà fa òkùnkùn náà sókè nígbà tí ó délé, kò sá fún ariwo. Yóò bá a nílé, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú èènì.

Ẹ tún jẹ́ kí á béèrè ibi tí wọ́n ti rí ariwo tí wọ́n ń sọ. Níwájú kọ̀ǹpútà ni, nígbà tí wọ́n fa àwòrán náà tóbi títí ojú ère kan ṣoṣo fi kún gbogbo gíláàsì. Ta ni ń wo àwòrán báyìí? Ẹ̀rọ tí ó ní mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì ń fúnni ní nǹkan bí 6000 ní ìbú. Bí a bá tẹ àwòrán náà ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 12 sínú ìwé ìròyìn bí èyí, pẹ̀lú àmì 300 nínú ínṣì kan, nǹkan bí 1400 ni a nílò. Píksẹ́lì tí ó lé ní mẹ́rìndínlógún yóò para pọ̀ di ẹyọ kan, ariwo náà yóò sì rọlẹ̀ di nǹkan bí ìdá mẹ́rin ohun tí ó jẹ́. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé àwọn ọmọ náà padà, ojú òǹkàwé kì bá tí rí i.

Wọn yóò wí pé ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ó ṣeé ṣe. Lẹ́ńsì mílímítà 50 tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/1.8 wà lára àwọn lẹ́ńsì tí owó wọn kéré jù, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti lẹ́ńsì tí kò ṣí ju f/3.5 lọ. Kí ayàwòrán fi ẹ̀yìn ti ògiri tàbí igi, kí ó rọ ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà, kí ó mí síta kí ó tó tẹ ẹ̀rọ. Kí ó fi ISO sí 3200 tàbí 6400. Kí ó jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ ṣí fún ìdá 125 ìṣẹ́jú-àáyá kan bí akọrin bá ń rìn, ìdá 60 bí ó bá dúró. Ohun tí wọ́n fi sínú lẹ́ńsì òde òní láti mú un dúró ṣinṣin lè tu ọwọ́ ayàwòrán lára, kò lè dá ẹsẹ̀ ẹni tí ń jó dúró. Etí ni yóò ṣe ìyẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù yóò mọ ìgbà tí ìlù fẹ́ já, àti pé bí ìlù bá já, ara a dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbà náà ni kí ó yà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n gbọ́ ìlù ni wọ́n mú àwòrán tí ó dára jù wá, kì í ṣe àwọn tí ẹ̀rọ wọn wọ́n jù.

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn kan tí wọn kò lo fíláàṣì pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí ń fọ àwòrán títí yóò fi dán bí ike. Kò burú láti mú ariwo aláwọ̀ kúrò, àwọn hóró pupa àti búlúù wọ̀nyẹn, nítorí pé kì í mú nǹkan púpọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ èyí tí ó kù láìdáwọ́ dúró, ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére yóò pòórá lára ère, fọ́nrán òwú yóò pòórá lára aṣọ, ìhunjọ yóò pòórá lójú àgbà. Ní ti télífóònù, ó ń ya àwòrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pò wọ́n pọ̀, ibi tí oníjó bá sì ti mira, ẹ̀rọ lè fi àròsọ dí i. Ní àádọ́ta ọdún sí i, báwo ni ọmọ ọmọ wa yóò ṣe mọ ohun tí agbẹ́gilére gbẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ hùmọ̀? Mo fara mọ́ iyanrìn díẹ̀ nínú àwòrán ju irọ́ tí ó mọ́ tónítóní lọ.

N kò sọ pé fíláàṣì jẹ́ èèwọ̀ níbi gbogbo. Malick Sidibé lò ó ní Bamako ní àwọn ọdún 1960, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó ní òru, gbogbo ayé sì ń yẹ́ àwọn àwòrán náà sí títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó níbẹ̀ fẹ́ kí á rí wọn, fíláàṣì sì jẹ́ ara fàájì wọn. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe fàájì onífótò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní láìsí ìmọ́lẹ̀, orin yóò ṣègbé, mo dá a lóhùn pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò nílò àtùpà. Etí ni a fi ń kó Ẹ̀fẹ̀ jọ ṣáájú ojú.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn àgbà àti àwọn tí ń ṣètò òru Ẹ̀fẹ̀: bí ẹ bá ń ka èèwọ̀ ojú agbo fún àwọn àlejò, ẹ fi fíláàṣì kún un, àti iná pupa kékeré tí ẹ̀rọ fi ń wá ohun tí yóò tẹjú mọ́. Nígbà tí a bá sì ní kí gbogbo iná kú, kí ẹ̀rọ náà wọ àpò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣeé rí ni ó ṣeé yà. Mo bẹ àwọn tí ń yan àwòrán fún ìpàtẹ: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ nà án sí iwájú yín, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí. Àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Iyanrìn wà lójú wọn. Àwọn onílù wà nínú wọn, àwọn elégbè wà níbẹ̀, àwọn ìyá wa sì jókòó níbẹ̀, wọ́n ń wo akọrin, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ojú.