Afẹ́fẹ́ Òde àti Àtẹ Ọlọ́jà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìgboro Ẹgbẹ́dá nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan bá tì tí kò sì ṣí mọ́. Àwọn kan a ní olówó rẹ̀ jẹ èrè, ó sì jẹ owó òwò mọ́ ọn. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń bá a jà láti ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tí ó kàwé díẹ̀ a ní kò mọ ìṣirò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí àwa kò jẹ́ sọ pé kò sí ọ̀lẹ tàbí àpà láàárín àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá tì ní òpópónà kan ṣoṣo láàárín ọdún kan, ó tó àkókò kí àgbà gbé ojú kúrò lára ẹni tí ń ta ọjà, kí ó sì bèèrè irú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́. Ohun tí ó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe.

Ìlú wa kì í ṣe ìlú kékeré mọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni, ilẹ̀ oko ni ó sì jẹ́ kí Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni ìjọba àpapọ̀ kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní gbogbo Nàìjíríà tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn láti Akówọnjọ dé Ẹgbẹ́dá, tí ó sì gba ọ̀nà Ìdímù lọ, yóò rí i pé òwò kéékèèké ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí: ṣọ́ọ̀bù olóògùn, télọ̀, onídìrí, ilé búrẹ́dì, alátẹ. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ní ògiri lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lókè òkun, lórí àtẹ wọn ni ó ti ń kọ́kọ́ tú nǹkan ká.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a ń lọ̀ sí fúláwà ti ń wá, dọ́là ni a sì ń fi rà á. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbé ogun wọ ilẹ̀ Ukraine. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta àlìkámà jù lọ fún aráyé, nítorí náà iye rẹ̀ fò sókè níbi gbogbo. Epo dísù tí a fi ń tan ẹ̀rọ amúnáwá kò tó 300 náírà lítà kan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà. Kí oṣù Agẹmọ tó parí, ó ti kọjá 700. Nínú oṣù Agẹmọ yìí kan náà ni àwọn aṣebúrẹ́dì kéde pé àwọn yóò da iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin láti ọjọ́ 21. Aṣebúrẹ́dì Ẹgbẹ́dá kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Ukraine, síbẹ̀ ìbọn tí wọ́n yìn lọ́hùn-ún bà á nídìí ààrò rẹ̀. Bí ó bá fi owó kún búrẹ́dì, oníbàárà a sá. Bí kò bá fi kún un, owó òwò a wọlẹ̀. Bí ó bá sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, àwa tí a ń jẹ ẹ́ a pè é ní olè.

Èyí tí ó tún wá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ti òkè òkun wá rárá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó ìwé 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé ti àtijọ́ yóò kásẹ̀, wọ́n sì sún un di ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Ti àtijọ́ wọ báńkì lọ, tuntun kò jáde tó. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, náírà ni ènìyàn fi ń ra náírà lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Alátẹ tí ń ta ata àti ẹ̀fọ́ kò lè kó o pamọ́ de Báńkì Àpapọ̀. Ó jẹrà lójú rẹ̀, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ ní owó ní báńkì tí kò sì rí i gbà. Ilé-ẹjọ́ Gígajùlọ pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ di òpin ọdún náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò lè dá ata tí ó ti jẹrà padà.

Kò pẹ́ tí òmíràn fi dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù tí ó jẹ́ nǹkan bí 185 náírà di 488 ní ilé-epo NNPC ní Èkó, ó sì di 998 ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024. Ní oṣù Okúdù ọdún 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà ti kọjá 1,500 ní oṣù Èrèlé ọdún 2024. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, iná mànàmáná àwọn tí a pè ní ẹgbẹ́ A fò láti 68 sí 225 náírà. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí owó yíyá, tí ó jẹ́ 11.5 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ti di 27.5 nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí. Àwa kò sọ pé gbogbo ìpinnu wọ̀nyí burú. Àwọn kan nínú wọn ti pẹ́ kí a tó ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé orí alátẹ kan náà ni gbogbo rẹ̀ já lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, kí ó rántí ilé-iṣẹ́ GSK, tí ó ti lé ní 50 ọdún ní Nàìjíríà. Ní oṣù Ògún ọdún 2023, òun náà kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Bí erin bá wó nínú ìjì, a kì í bá èkúté wí.

Síbẹ̀, àwọn baba wa kò jókòó kí afẹ́fẹ́ máa gbá wọn. Ní ọdún 1937, nígbà tí iye kòkó ti ń já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní bá ara wọn díje lórí iye tí àwọn yóò san. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kò ní agbára kankan lórí ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n wọ́n ní agbára lórí ara wọn. Wọ́n di kòkó wọn mú, wọ́n kọ̀ láti ra ọjà Òyìnbó, àwọn olóyè wọn sì wà lẹ́yìn wọn, títí di oṣù Igbe ọdún 1938, nígbà tí ìgbìmọ̀ Nowell tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá parí ìjà náà.

Kí ni ó wà ní ìkáwọ́ tiwa? Ẹ jẹ́ kí a wo èésú. Nínú èésú olóṣù méjìlá, ẹni tí ó kó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 àti ẹni tí ó kó ní oṣù Ọ̀pẹ gba iye náírà kan náà, ṣùgbọ́n ọjà tí ẹni ìkẹyìn lè rà kéré púpọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ó jí owó rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ àwọn aṣebúrẹ́dì kò lè fi àpò fúláwà ṣe òṣùwọ̀n èésú wọn, kí olúkúlùkù máa dá owó ìdá àpò kan ní iye tí ó bá wà lóṣù náà?

Ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé wa gan-an, nítorí onílé ni púpọ̀ nínú yín. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì ka ṣọ́ọ̀bù mọ́ ilé gbígbé. Ta ni kò mọ ibi tí a ti ń gba ọdún méjì? Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1998 to owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ka dídí ọ̀nà gba owó-orí sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ ìwé pélébé tí a ń já fún alátẹ láàárọ̀ pọ̀ ju oníbàárà rẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Báálẹ̀ kò lè pe Rọ́ṣíà sí ìpàdé, ṣùgbọ́n ó lè pe àwọn tí ń já ìwé náà, kí wọ́n wá sọ ẹni tí ó rán wọn.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin onílé Ẹgbẹ́dá, ẹ máa gba owó ṣọ́ọ̀bù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá mọ̀ sí oníwà, kí ẹ má sì fi kún un láàárín ọdún. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣófo fún oṣù mẹ́fà kò pa owó kankan wọlé fún ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé simẹ́ńtì àti páànù wọ́n fún ẹ̀yin náà. Bí onílé kan bá ní ọ̀nà mìíràn tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé oṣù tí ń bọ̀.