Kì í ṣe gbogbo ojú tó ń bó ló ń bóra

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà máa ń wí. Bí ọmọ bá ti Èkó délé nígbà ìsinmi, ojú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń wò kó tó béèrè ìwé tó lọ kà. Bí ojú náà bá wá ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, tó pọ́n níbì kan tó sì dúdú níbòmíràn, ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí ìyá lọ́kàn: ọmọ mi ti ń bóra.

Báyìí gan-an ló rí fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LASU. Abúlé kan lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló jọ gba yàrá kan ní Okokomaiko. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irorẹ́ ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé àgbọ̀n. Kò sí ohun tí kò fi sí i. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi ọṣẹ ìfọyín lẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Wọ́n ní kó má jẹ ẹ̀pà mọ́, ó sì fi odidi ọdún kan yàgò fún ẹ̀pà. Ìyá rẹ̀ àgbà ní kó fọkàn balẹ̀, pé bó bá ti relé ọkọ, yóò lọ. Irorẹ́ kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó lọ rí dókítà. Dókítà wò ó, ó sì kọ tretinoin fún un, ìpara kan tó wà nínú túùbù kékeré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.025%. Ó ní kó máa fi pa ojú lálaalẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí èrò ṣì pọ̀ níta. Ọmọ náà lọ ra oògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni ń fi òrí para, ó fi kun gbogbo ojú títí dé ọrùn.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú ti ń ta á bí ẹni fi ata rodo pa á. Awọ ń ṣí, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ń là, irorẹ́ tuntun sì ń yọ lórí ti àtijọ́. Àárín ìgbà yìí gan-an ni ìsinmi dé. Ó gbéra, ó lọ sílé, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sì sìn ín lọ. Ìyá rí ọmọ rẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí o lè lọ di òyìnbó ni mo ṣe ń ta gààrí rán ọ níwèé?" Ọmọ ní, "Rárá o, Màámi, ẹ má bínú, oògùn dókítà ni." Ìyá kò gbọ́. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ojú tirẹ̀ ń dán bí awo tánganran, ó ní, "Wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ bó ṣe mọ́ tónítóní! Kí ló dé tí o kò lè ṣe bíi tirẹ̀?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, túùbù oògùn ti wà nísàlẹ̀ ṣáláńgá.

Ohun tí ìyá kò mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ yẹn gan-an ló ń bóra.

Inú ike kékeré kan tí kò ní orúkọ lára ni ìpara tirẹ̀ wà. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń po ìpara tà ló ti rà á. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomaiko, lójú ọ̀nà Badagry, kò ní ṣàì rí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń po ìpara funfun mọ́ ti olómi ọsàn bí ẹni ń po ògì. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú àdàlù báyìí ni oògùn tí àwọn dókítà ń pè ní steroid, irú clobetasol tàbí betamethasone, pẹ̀lú hydroquinone tó ń pa àwọ̀ dúdú ara. Steroid máa ń mú kí ara tó wú tètè fọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, irorẹ́ á rọlẹ̀, ojú á máa dán, gbogbo ènìyàn á sì máa kí onítọ̀hún kú oríire. Àmọ́ ṣe ni awọ ń tín-ín-rín sí i lábẹ́ ibẹ̀. Bó bá pẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa hàn lójú, egbò kì í tètè jinná mọ́, steroid náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí irorẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni náà bá dáwọ́ dúró, gbogbo ohun tó ti rọlẹ̀ á ru jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló ń jẹ́ kí onítọ̀hún tún sáré padà sídìí tábìlì lọ rà sí i.

Ti tretinoin yàtọ̀ pátápátá. Ìdílé fítámì A ló ti wá, irú èyí tí ara wa máa ń rí mú jáde látinú epo pupa. (Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa fi epo pupa pa ojú o.) Ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára awọ níbi tí irun ti ń hù, ibẹ̀ ni ọ̀rá ara sì ń gbà jáde. Bí awọ tó ti kú bá dí ẹnu ihò yìí, ọ̀rá á há sínú, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí á máa pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á sì wú. Irorẹ́ nìyẹn. Ohun tí tretinoin ń ṣe ni pé ó ń mú kí awọ máa pààrọ̀ ara rẹ̀ kíákíá, kó má sì rí ààyè dí ẹnu ihò. Nígbà tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ìdọ̀tí tó ti sá pamọ́ sábẹ́ awọ ni yóò máa tú jáde, bí ẹni ń gbálẹ̀ yàrá tí wọn kò gbá láti ọdún tó kọjá. Ara tí kò mọ̀ ọ́n rí á gbẹ, á máa bó. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí ènìyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi. Ọ̀sẹ̀ méjìlá kì í ṣe kékeré fún ọmọge tí gbogbo ènìyàn ń wò lójú.

Oògùn yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irorẹ́, orúkọ tí wọ́n sì fi tà á ni Retin-A. Dókítà Albert Kligman ti Yunifásítì Pennsylvania ló wà nídìí rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnu panu mọ́ lórí ọkùnrin yìí, nítorí inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia ni òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dán oríṣiríṣi oògùn àti ìpara wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ìlú Philadelphia tó tọrọ àforíjì. Awọ dúdú ti san owó oògùn yìí kó tó di pé ó dé Ọ̀jọ́.

Ó yẹ ká dá àwọn ìyá láre níbì kan. Lọ́dún 1975, Kligman kan náà àti ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ po tretinoin mọ́ hydroquinone àti steroid kan, láti fi mú ojú àpá dúdú kúrò lára awọ. Dókítà ló ni àdàlù náà, abẹ́ ojú dókítà ló sì yẹ kó wà. Àmọ́ àwọn apòpara ti jí ọgbọ́n rẹ̀ kó, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń bu tà nínú ike. Nítorí náà, ìyá tó gbọ́ orúkọ tretinoin nídìí ìbóra kò gbọ́ irọ́. Ohun tí ó yẹ kó mọ̀ ni pé òun nìkan kọ́ ló ń bá ara jẹ́ nínú àdàlù yẹn, àti pé bí dókítà bá kọ òun nìkan sílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n rán an.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1993 láti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí ènìyàn dúdú mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n lò, àwọn tí irorẹ́ àti irú rẹ̀ ti fi àpá dúdú sí lára. Wọ́n lo oògùn fún ogójì ọ̀sẹ̀. Àpá àwọn tó lo tretinoin ṣí ju ti àwọn tó lo ìpara lásán lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó lò ó ni ara wọn kọ́kọ́ pọ́n, tó sì bó, kó tó wá ń rọlẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni ọmọ tó ń dá lò ó nínú yàrá kan ní Okokomaiko yóò ṣe?

Níbí ni ẹ̀bi àwọn dókítà wà, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ oògùn sórí ìwé kò tó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ yìí gbọ́ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Pé ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ti tó fún gbogbo ojú. Pé alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ba oògùn náà jẹ́, ojú sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ dáadáa kó tó fi í sí i. Pé kó máa fi ọjọ́ méjì fo ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Pé kí ó jìnnà sí ẹ̀bá ojú àti igun ẹnu. Pé oòrùn á tètè máa jó awọ tuntun, nítorí náà kó wá ìpara tó ń dènà oòrùn, bí owó rẹ̀ bá sì wọ́n jù, kó má ṣe dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà lọ́sàn-án gangan láìsí agbòòrùn tàbí fìlà lórí. Kó dín ọ̀rá irun tó ń ṣàn sí iwájú orí kù. Kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ẹja. Lékè gbogbo rẹ̀, aboyún tàbí ẹni tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ti isotretinoin tí wọ́n ń gbé mì, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara.

Ìjọba náà ní tiwọn. NAFDAC kéde lọ́dún 2023 pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tábìlì àwọn apòpara kò kúrò lójú títì nítorí ìkéde. Òfin sì ti sọ ọ́ pé kẹ́míìsì kò láṣẹ láti ta oògùn tó ń béèrè ìwé dókítà, síbẹ̀ ènìyàn lè wọ ibẹ̀ kó sọ pé "ẹ fún mi ní nǹkan irorẹ́", kó sì gba ìpara tó ní steroid nínú láìsí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ibi tí wọ́n ti ń wo awọ ara dáadáa, irú LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkejà, jìnnà sí Ọ̀jọ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dé, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò sì kéré lójú akẹ́kọ̀ọ́. Tábìlì apòpara kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wọn.

Nígbà tí ọmọbìnrin yìí padà dé, apòògùn kan ní Ọ̀jọ́ ló jókòó tì í, tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tún ra túùbù mìíràn, ó ń lo ìwọ̀n hóró ẹ̀wà, ó ń fo ọjọ́. Ojú tún bó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù mọ́. Lóṣù kẹta, irorẹ́ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mọ́, àwọn àpá dúdú sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà ni owó tán lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tí kò rí ìpara rà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n, kò lè jáde lọ sí kíláàsì. Àwọn méjèèjì ló jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà ní ìdájí ọjọ́ Ajé kan.

Nígbà ọdún Iléyá, ó lọ sílé. Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ títí, kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ó pè é sẹ́yìn ilé, ó ní, "Àbúrò rẹ ọkùnrin yìí, iwájú orí rẹ̀ ti kún. Ṣé kò ku díẹ̀ nínú oògùn yẹn ni?"

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná. Ojú rẹ̀ á sì bó o, kó tó dáa."

Ìyá ní òun ti gbọ́.