Ẹ má kọ irọ́ sí CV kí ẹ wá ní kí n jẹ́rìí sí i

Ọ̀rọ̀ kan ti ń pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́, mo sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Sabon Gari mọ̀ pé òwú, sípù àti bọ́tìnnì ni mò ń tà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ka ìwé mọ. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá ti sin ìlú tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ ọ́ sí CV mi pé mo ṣe mánijà fún yín fún ọdún mẹ́ta. Tí wọ́n bá pè yín, kẹ́ ẹ sáà ní bẹ́ẹ̀ ni." Mánijà! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò gba ju èèyàn mẹ́rin lọ, orí ìdúró náà sì ni. Lóòótọ́ lọmọ náà bá mi ta ọjà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà ìsinmi.

Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi. Àwìn la fi ń ṣòwò níbí. Alhaji tó ń kó ọjà fún mi, ẹnu mi ló gbà, kò gba ìwé kankan. Tí ẹni tó pè mí láti báńkì bá jẹ́ àbúrò Alhaji ńkọ́?

Wọ́n á ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mi ò lè bá wọn jiyàn púpọ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ náà ò ṣe dáadáa. Ẹ wo ìkéde iṣẹ́ wọn: ọjọ́ orí ò gbọdọ̀ ju ọdún 26 lọ, ìrírí ọdún 5. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba bí oṣù 9 ní ọdún 2020, ó tún gba oṣù 8 ní 2022. Ta ló dá ọdún yẹn padà fún ọmọ? Ẹni tó bá ń béèrè ohun tí kò sí lọ́jà, ayédèrú ni wọ́n máa tà fún un.

Síbẹ̀, ìpolówó yàtọ̀ sí irọ́, ọlọ́jà sì ni mí, mo mọ ìyàtọ̀ wọn. Gbogbo yín lẹ mọ mudu. Ẹni tó bá bu ìrẹsì lé e lórí títí tó fi ga bí òkè, ẹ̀ ń kí i pé ó ṣeun. Ẹni tó bá lu ìdí mudu wọnú, ẹ mọ orúkọ tí ẹ máa ń pè é. Ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá mi kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde, tó ń fi Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dá oníbàárà lóhùn, kó kọ ọ́ kó dùn dáadáa. Òkè orí mudu nìyẹn. Ọdún mẹ́ta mánijà, ìdí mudu ni wọ́n lù.

Kano yìí náà ni Salisu Buhari ti wá, ẹni tó di Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Abuja ní oṣù Kẹfà ọdún 1999. Ó ní ọdún 1963 ni wọ́n bí òun, ó ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà lòun ti gboyè. Ìwé ìròyìn TheNEWS tú u wò, ọdún 1970 ni wọ́n bí i, Toronto ò sì mọ̀ ọ́n rí. Òfin ìgbà yẹn ní ó gbọ́dọ̀ pé ọmọ 30 ọdún, ọmọ 29 ni. Kí oṣù Keje tó tán, ó ti fipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó san owó ìtanràn, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì dárí jì í ní ọdún 2000. Àwọn ọmọ máa ń fi ìyẹn dá mi lóhùn: "Dádì, kí ló wá ṣe é?" Ọmọ ẹni tó ń ta sípù ò ní Ọbásanjọ́ lẹ́yìn o.

Ti Kemi Adeosun ló máa ń dùn mí jù, ọmọ tiwa ni. Ìwé tó ní kò pọn dandan kó sin ìlú ni wọ́n ní ayédèrú ni. Ó ní òun ò mọ̀, àwọn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ló bá òun gbà á. Ó fipò mínísítà ètò ìnáwó sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Nígbà tó di 2021, ilé ẹjọ́ ní Abuja ní kò nílò ìwé yẹn láti di mínísítà rárá. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ẹ máa wo ohun tí àwọn èèyàn bá bá yín "ṣe".

Èyí tó kan àwa gan-an ni "state of origin". Wọ́n bí ọmọ sí Sabon Gari, Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà òkú sì ni méjèèjì. Wọ́n ní Ọ̀yọ́ ni kó kọ. Tó bá dé Ọ̀yọ́, wọ́n á ní ará Kano ni. Federal character ò rí tiwa rò, ìbéèrè yẹn ò dáa, ó sì yẹ ká máa pariwo rẹ̀. Àmọ́ kéèyàn lọ fowó ra ìwé ọmọ onílẹ̀, rárá. Lọ́jọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní pe orúkọ rẹ̀, "Yarbawa" ni wọ́n máa sọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ́rẹ̀húrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

Mo ní ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí. Ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ rí, kó wá. Màá kọ ohun tó ṣe àti iye ọ̀sẹ̀ tó fi ṣe é, màá fọwọ́ sí i, màá fi nọ́ńbà mi sí i, tí wọ́n bá sì pè, màá gbé e. Ẹ wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ má wá lọ́jọ́ Jímọ̀ o. Ẹni tó bá rò pé mo le jù, àyè wà nísàlẹ̀ níbí, ẹ kọ tiyín.